Ẹ Yọ Ahọ́n Síta Kí N Wò Ó: Nọ́ọ̀sì Àgbà Dáhùn Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè lórí ẹnu rírùn nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, fọ́tò ahọ́n lẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá. Kò burú. Ilé ìtọ́jú eyín ni mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ahọ́n ẹnikẹ́ni kò lè dẹ́rù bà mí mọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, iná tọ́ọ̀ṣì fóònù kì í fi àwọ̀ ahọ́n hàn bó ṣe rí. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójúmọmọ, kí ẹ fi omi yọ ẹnu kí ẹ tó ya á. Ẹnì kan fi ahọ́n aláwọ̀ ewé ránṣẹ́ sí mi, ó ṣàlàyé ìpayà rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, ìlà tó kẹ́yìn ló tó wá sọ pé súìtì lòun ń lá lọ́wọ́ nígbà tóun ya á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu mi níwájú dígí, mo sì rí àwọn kókó ńláńlá kan tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn ahọ́n mi pátápátá, nítòsí ọ̀nà ọ̀fun. Wọn ò dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn, mo rò pé jẹjẹrẹ ni. Ọmọ ọdún 24 ni mí. — Aláìróorunsùn

Ìdáhùn: Ọmọ mi, lọ sùn. Gbogbo ẹni tó ní ahọ́n ló ní àwọn kókó yẹn. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́jọ sí méjìlá, wọ́n sì tò bíi lẹ́tà V tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun. Ara ohun tí a fi ń mọ adùn àti ìkorò ni wọ́n. Bó o bá tún ń wá ìjàngbọ̀n kiri, wàá rí àwọn ìlà tó wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n lápá ẹ̀yìn náà. Àwọn yẹn náà kì í ṣe àrùn.

Ohun tí mo máa ń wò rèé: èyí tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ahọ́n sábà máa ń wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì bákan náà. Èyí tó bá wà lápá kan ṣoṣo, tó ń tóbi sí i, tó sì le bí o bá fi ìka kàn án, ìyẹn ni kó o gbé lọ fún dókítà eyín. Tìrẹ kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì Àgbà, àárín ahọ́n mi dúdú kirikiri, ó sì dà bíi pé irun hù lé e lórí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apakòkòrò tán fún àìsàn àyà ni. Ìyàwó mi ní dandan, ẹnì kan ti fún mi ní nǹkan jẹ. Mo máa ń mu sìgá, mo sì fẹ́ràn kọfí. — Ẹlẹ́nu Dúdú

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fún yín ní nǹkan jẹ. Orí ahọ́n kún fún fọ́nrán tíntìntín. Ojoojúmọ́ ni orí wọn ń bó dànù bí a bá ń jẹun, tí a sì ń fọ ẹnu. Bí wọn ò bá bó mọ́, ṣe ni wọ́n á máa gùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí á fi wọ́n ṣe ilé, àwọ̀ kọfí àti sìgá á sì mù wọ́n. Oògùn apakòkòrò tí ẹ lò náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀, torí ó máa ń da ètò àwọn kòkòrò inú ẹnu rú. Oògùn inú tó bá ní bismuth nínú náà lè sọ ahọ́n di dúdú: bí bismuth bá pàdé imí ọjọ́ díẹ̀ tó wà nínú itọ́, dúdú ni wọ́n máa ń dà.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi máa fọ orí ahọ́n jẹ́jẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa. Ó máa lọ. Ẹ má fi abẹ fá a o. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ pàdé, ẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá bá wa. Ti sìgá yẹn, ẹ ka lẹ́tà tó tẹ̀lé èyí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọkùnrin ẹni ọdún 52 ni mí. Mo ní àmì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n lápá òsì, kò tóbi ju èékánná ìka kékeré lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kò lọ. Mo ti ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu fún oṣù méjì, kò lọ. Kì í dùn mí rárá. Nígbà tí kò ti dùn mí, ṣé mo lè gbọ́kàn kúrò níbẹ̀? Mo ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe, mo sì máa ń mu ọtí. — Kò Dùn Mí

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi, tiyín nìkan ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ahọ́n ń dùn á sáré wá sí ilé ìwòsàn, ìtọ́jú rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ẹni tí kò dùn ló máa ń jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ahọ́n kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn tó bá ti rìn jìnnà ni ìrora máa ń dé.

Funfun orí ahọ́n kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó bo orí ahọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a máa ń rí bí a bá jí, tàbí bí ibà bá ń ṣe wá, tàbí bí a bá fi ẹnu mí sùn. Awọ tó ti kú, èérún oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí ni. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, á lọ. Òmíràn wà tó máa ń rí bíi wàrà tó dì, bí a bá nù ún kúrò, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, ó tiẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Candida ló ń fà á. Ó wọ́pọ̀ lẹ́nu ọmọ ìkókó, lẹ́nu àgbàlagbà tó ń gbé eyín àtọwọ́dá sùn, àti lẹ́nu ẹni tó ń fa oògùn ásímà tó ní sítẹ́rọ́ìdì tí kì í fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Bí àgbà tí kò sí nínú irú àwọn wọ̀nyí bá ṣàdédé ní in, tó sì ń padà wá ṣáá, a máa ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, a sì máa ń ṣe àyẹ̀wò HIV. Kì í ṣe láti dójú tini, láti tètè tọ́jú rẹ̀ ni.

Tiyín kò sí nínú méjèèjì. Funfun tí kò ṣeé nù, tí a kò sì rí ohun tó fà á, leukoplakia ni àwọn dókítà eyín ń pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní di jẹjẹrẹ láéláé. Àmọ́ òmíràn máa ń dà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ojú, ì báà jẹ́ ojú ọ̀gá dókítà, tó lè wò ó lásán kó mọ èwo ni èwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n á kọ́kọ́ gún yín. Ẹ ò ní mọ̀ ju pé wọ́n ń fa nǹkan lọ, wọ́n sì lè rán an díẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló ń kán mi lójú. Àkọ́kọ́, ibi tó wà: ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ahọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Èkejì, sìgá pẹ̀lú ọtí. Ewu àwọn méjèèjì pa pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí a kàn ro pọ̀ lọ. Bí pupa bá sì dà pọ̀ mọ́ funfun náà, tàbí tó jẹ́ pupa lásán tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ìyẹn léwu ju funfun lọ.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eyín tó kán ló ń gún un. Dókítà eyín á yẹ ìyẹn wò, á fi ẹ̀rọ yún ẹnu eyín náà, á sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni kí gbogbo yín fi sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ kì í mu sìgá náà, torí jẹjẹrẹ ahọ́n ń mú ẹni tí kò mu sìgá rí. Egbò, funfun, pupa tàbí kókó tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lórí ahọ́n, tí kò ní ìdí, ẹ gbé e lọ. Bí etí bá tún ń dunni lápá ibẹ̀, tí kókó sì yọ lọ́rùn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan.

Tiyín ti pé oṣù méjì. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fi oògùnkóògùn jó o kí ẹ tó lọ, torí ó máa ń ba ojú ibẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìgá sílẹ̀ lónìí. Mo ti rí irú funfun yìí tó ń rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni náà fi sìgá sílẹ̀.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 67 ni mí. Ahọ́n mi ti dán, ó pọ́n, ó sì ń ta mí bí oúnjẹ bá gbóná díẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ó máa ń rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀ lálẹ́. Mo ní àtọ̀gbẹ, ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń lo metformin. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi ní oògùn tí wọ́n fi ń yọ ẹnu, ṣe ló ń jó mi sí i. — Ìyá Àgbà

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ gbé oògùn tí ẹ fi ń yọ ẹnu yẹn sílẹ̀ ná. Ọtí wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ahọ́n tó ti bó kò sì fẹ́ ọtí. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Awọ orí ahọ́n wà lára àwọn awọ tó ń yára pààrọ̀ ara wọn jù lọ. Bí ohun tí ara fi ń ṣe awọ tuntun bá ti dín kù, ahọ́n máa ń tètè fi hàn. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, folate (èyí tí wọ́n ń tà ní oògùn ní folic acid) àti fítámì B12. Àwọn fọ́nrán orí ahọ́n á rẹ̀ dànù, ojú rẹ̀ á wá máa dán. Ti áyọ́ọ̀nù sábà máa ń mú kí ahọ́n ṣì, ti B12 sì sábà máa ń mú kó pọ́n. Àmọ́ àwọ̀ nìkan ò tó láti fi ṣèdájọ́.

Ẹsẹ̀ yín ló jẹ́ kí n fura sí B12. Fítámì yìí ni ara fi ń tọ́jú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri, bí ó bá sì pẹ́ jù kó tó dé, ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ lè má padà sípò tán. Lóòótọ́, àtọ̀gbẹ náà ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ṣúgà. Metformin tí ẹ ti ń lò tipẹ́ sì lè dí ara lọ́wọ́ láti gba B12 látinú oúnjẹ. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Ẹ kàn sọ fún dókítà pé: “Ẹ bá mi yẹ B12 mi àti ẹ̀jẹ̀ mi wò.” Bí kò bá tó, wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tàbí oògùn oníhóró.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe: kí ẹ má lọ ra folic acid lò fúnra yín torí wọ́n ní ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà bíi pé ó ti sàn, nígbà tí àìtó B12 ṣì ń jẹ iṣan lábẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ áyọ́ọ̀nù ni kò tó, lọ́jọ́ orí yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n ní ó parí. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ, torí ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Ẹ̀yin ò nìkan wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá, ẹni tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú ikùn rẹ̀, àti ẹni tó ti pẹ́ lórí oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, gbogbo wọn ló wà nínú ewu yìí. Àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń ba ohun tó ń gba B12 wọlé jẹ́. Ikú ni tiwọn máa ń já sí láyé àtijọ́. Ọdún 1926 ni àwọn dókítà méjì, Minot àti Murphy, ní Amẹ́ríkà kéde pé jíjẹ ẹ̀dọ̀ ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀ ń gbà wọ́n là, wọ́n sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ọdún 1934 nítorí ẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n tó rí B12 yọ jáde fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa báyìí.

Ìbéèrè: Ẹ gbà mí o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ibà ti ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n fòò, hóróhóró yọ lórí rẹ̀. Ètè rẹ̀ là, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ipin níbẹ̀. — Ìyá Ọmọ

Ìdáhùn: Orí fóònù la ti dá ìyá yìí lóhùn lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ọmọ náà sì ti wà nílé ìwòsàn. Nítorí ẹ̀yin tó kù ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ahọ́n pupa oníhóró pẹ̀lú ibà lára ọmọdé lè jẹ́ ti kòkòrò streptococcus, tí ọ̀fun máa ń dunni, tí ara á sì máa rí háráhárá. Oògùn apakòkòrò ló ń wo ìyẹn. Ó sì lè jẹ́ àrùn tí dókítà Tomisaku Kawasaki ṣàlàyé ní Japan lọ́dún 1967, tó máa ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù. Ibà á pé ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á pọ́n, ètè á là, ara lè sú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè wú. Òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ni àrùn yìí máa ń bà jẹ́. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ jù bó bá bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá tó pé. Ẹ má jókòó ti ọmọ tí ibà rẹ̀ ti pé ọjọ́ márùn-ún.

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán kan lórí fóònù tó pín ahọ́n sí yẹ̀wù yẹ̀wù: ṣóńṣó fún ọkàn, àárín fún ikùn, ẹ̀yìn fún kíndìnrín. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkọ́

Ìdáhùn: Ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni àwòrán yẹn ti wá. Kò sí ohun tó so ṣóńṣó ahọ́n pọ̀ mọ́ ọkàn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kíndìnrín, nítorí náà ẹ má torí àmì kan níbẹ̀ lọ ra oògùn kíndìnrín.

Ohun tí èmi máa ń wò nìyí. Ahọ́n tó gbẹ: omi ara ti dín kù, pàápàá lára ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn. Ahọ́n tó ṣì: ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Àwa tí awọ wa dúdú, ahọ́n àti inú ètè ni wọ́n ti máa ń rí èyí lára wa, kì í ṣe ní awọ ojú wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ahọ́n tó ń di aláwọ̀ aró: atẹ́gùn ò tó nínú ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ahọ́n tí òǹtẹ̀ eyín wà létí rẹ̀: ẹni náà lè máa wa eyín lójú oorun, tàbí kí ahọ́n rẹ̀ ti tóbi nítorí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó. Ahọ́n tó ṣàdédé ń yà sápá kan bí a bá yọ ọ́ síta, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, tí ojú tàbí apá kan ń ṣubú: rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ìbéèrè: Àbàwọ́n pupa tí etí rẹ̀ funfun máa ń yọ lórí ahọ́n mi. Bó bá lọ níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. — Ó Ń Ṣí Kiri

Ìdáhùn: Geographic tongue lorúkọ rẹ̀. Kò léwu, kò ń ràn, kò sì ní oògùn. Nǹkan bí ẹnì kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ní in. Bí ata tàbí ohun kíkan bá ń ta yín, ẹ dín in kù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ahọ́n àti ètè mi ṣàdédé wú. Ara ò yún mi. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti wálẹ̀, mo sì ti ń lo oògùn mi lọ. Kí ló lè fà á? — Ẹlẹ́jẹ̀ Ríru

Ìdáhùn: Oògùn yẹn gan-an ni mo fura sí. Ẹ má lo hóró tó kàn. Lónìí ni kí ẹ lọ rí dókítà tó kọ ọ́ fún yín, kó fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò ṣeé fi sílẹ̀ láìtọ́jú. Gbogbo oògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí “pril” lè ṣe báyìí, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa èèyàn dúdú ju ara àwọn mìíràn lọ. Pé ẹ ti lò ó fún ọdún mẹ́ta kò dáàbò bò yín, ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Pé ara ò yún yín kò yà mí lẹ́nu, kì í ṣe irú wíwú tí oògùn ara yíyún máa ń mú wálẹ̀.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ dúró ni pé èyí tó kàn lè má wálẹ̀ láàárọ̀, ó sì lè dí ọ̀nà èémí. Bó bá tún wú kí ẹ tó rí dókítà, tí ohùn yín yí padà, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tàbí tí èémí ń le, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ oògùn náà sórí káàdì yín, kí ẹ máa fi han gbogbo dókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín.